Ẹ Jẹ́ Ká Fún APOL1 Lórúkọ

Nígbà tí kíndìnrín ẹ̀gbọ́n màmá mi daṣẹ́ sílẹ̀, ayé ló ṣe é ni wọ́n ń sọ ní Ẹ̀júkù. Èmi mọ̀ nípa jíìnì APOL1, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi mọ̀ ọ́n, ẹnu mi sì wúwo.

Ohun tó yẹ kí n sọ rèé. Àwọn kan lára irú kòkòrò tó ń fa àrùn oorun máa ń gbé purotéènì APOL1 mì láti inú ẹ̀jẹ̀ wa. Àpò kékeré tí a fi awọ ṣe ló ń gbé e lọ síbi tí kòkòrò ti ń da oúnjẹ. Ibẹ̀ ni APOL1 á ti dáhò sáwọ, kòkòrò á wú, á kú. Ní 2010, àwọn onímọ̀ fi hàn pé oríṣi rẹ̀ méjì, G1 àti G2, ń mú kí àrùn kíndìnrín tètè ṣe ẹni tó bá jogún wọn lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Wọ́n wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. Jíìnì àwọn ará Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀, èdè wa kò sí. Iṣẹ́ ẹ̀ka wa nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Mo dábàá “adáhòsáwọ”. (Ó gùn, mo mọ̀.)

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ibo ni wọ́n ti ń yẹ kíndìnrín wò?”