Ìtọ́jú Etí Àwọn Ọ̀dọ́

Ìyá pe ọmọ lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi ìbínú jáde láti ilé ìdáná, ó sì bá ọmọ náà tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí ó ń mi orí bí alángbá, tí okùn tín-ín-rín méjì sì wọ inú etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Irú nǹkan báyìí ti di ohun ojoojúmọ́ ní ilé àwọn Yorùbá, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìlọrin. Àfojúdi ni àwọn àgbà máa ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ẹjọ́ àfojúdi yìí dun àwọn òbí tó, òun kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀ràn náà. Ọmọ tí kò dáhùn lónìí nítorí pé orin dí i létí lè di ẹni tí kò ní í gbọ́ ìpè dáadáa nígbà tí ó bá di ẹni ogójì ọdún, bí ó tilẹ̀ ti yọ íápíìsì kúrò, tí ó sì tẹ́ etí sílẹ̀.

Láyé àtijọ́, àpótí kan ṣoṣo ni ó máa ń kọrin fún gbogbo ilé. Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́kọ́ dé sí àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, inú yàrá àlejò ni ó máa ń wà, baba ilé ni ó sì ń pàṣẹ bí ohùn rẹ̀ yóò ti ròkè tó. Bí ó bá pariwo jù, gbogbo ilé ni yóò ké. Aládùúgbò pàápàá yóò wá kan ilẹ̀kùn. Ní ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáánù gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Walkman, èyí tí ènìyàn lè fi kọ́ ara ìgbànú, kí ó sì máa gbọ́ orin rẹ̀ lọ ní ojú ọ̀nà láìsí ẹlòmíràn tí yóò bá a gbọ́. Báyìí ni orin kúrò nínú yàrá àlejò, tí ó wọ inú ihò etí. Fóònù òde òní ni ó wá parí iṣẹ́ náà. Ewu ibẹ̀ ni pé kò sí aládùúgbò tí yóò kan ilẹ̀kùn mọ́. Ẹni tí orin ń pa lára nìkan ni ó ń gbọ́ ọ, orin náà sì dùn mọ́ ọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí Ẹlẹ́dàá fi pamọ́ sí inú etí. Èyí tí a ń rí ní ẹ̀gbẹ́ orí, tí a ń fà nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀, kò ju ẹnu ọ̀nà lásán lọ. Ní òpin ihò etí ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí a nà bí awọ ìlù. Bí ohùn bá lù ú, yóò gbọ̀n. Gbígbọ̀n rẹ̀ yóò sì mi eegun kéékèèké mẹ́ta tí ó so kọ́ra lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn jọ àlùkẹ́ǹbù ara gàárì ẹṣin, òun ni ó sì kéré jù lọ nínú gbogbo eegun ara ènìyàn. Òun ni ó ń ti ìró náà wọ inú ihò kan tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí omi kún inú rẹ̀. Inú ìkarahun yìí ni ìṣúra wà: nǹkan bí 15,000 ẹ̀yà ara tí kò ṣeé fi ojú lásán rí, tí irun tín-ín-rín wà ní orí olúkúlùkù wọn. Bí omi náà bá mì, irun wọ̀nyí yóò tẹ̀, wọn yóò sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ohùn kan ń bọ̀.

Irun wọ̀nyí ni ariwo ń bà jẹ́. A lè fi wọ́n wé koríko pápá. Bí ènìyàn kan bá rìn kọjá lórí koríko, yóò tẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò ti nà ró. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹni tí ó lọ sí òde àríyá ní alẹ́ Sátidé, tí etí rẹ̀ ń hó yee ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ó sì fi í sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tọ ojú kan náà lójoojúmọ́, koríko yóò kú, ojú ibẹ̀ yóò sì di ọ̀nà gbalasa. Ní àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe àkíyèsí pé bí ariwo bá ba irun inú etí adìẹ jẹ́, òmíràn a máa hù rọ́pò rẹ̀. Ti ènìyàn kì í hù. Ó ṣe ni láàánú pé adìẹ, tí kò ní orin tí ó ju kíkọ àkùkọ lọ láti gbọ́, ni a fún ní ẹ̀bùn yìí, tí a kò sì fún ọ̀dọ́ tí ń gbọ́ orin tọ̀sán-tòru.

Ohun tí ariwo ń ṣe yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1886, Thomas Barr, oníṣègùn etí ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, yẹ etí 100 ọkùnrin wò tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkan ìkòkò irin ńláńlá fún ẹ̀rọ. Kò rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tí ìgbọ́ràn rẹ̀ pé. Àwọn wọ̀nyẹn kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe, oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ọ̀dọ́ òde òní ni ó ń fi owó ra tirẹ̀.

Bí àrùn náà ti ń wọlé ni ó mú kí ó burú. Kì í ṣe pé ènìyàn sùn, kí ó jí, kí ó sì rí i pé òun ti di adití. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Àwọn ìró tí ó tín-ín-rín ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. Nínú èdè Yorùbá, ìró f, s àti ṣ wà lára wọn, nítorí pé èémí tí ó ń gba àárín eyín àti ètè kọjá lásán ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í tètè lọ, nítorí pé ìró tí ó nípọn ni ó gbé wọn. Ẹ wo ohun tí èyí yóò ṣe fún ọmọ Yorùbá. Yóò máa gbọ́ orin inú ọ̀rọ̀, kò sì ní í mọ ọ̀rọ̀ náà. Yóò dàbí ẹni tí ń gbọ́ ìlù dùndún láìmọ ohun tí onílù ń wí. Bí ìyá rẹ̀ bá wí pé, “Ṣọ́ ìkòkò yẹn,” ó lè jẹ́ “Fọ́ ìkòkò yẹn” ni yóò dé etí rẹ̀, nítorí pé ohùn kan náà ni ó wà lórí méjèèjì. “Sá a,” “fá a” àti “ṣá a” yóò di ọ̀kan ṣoṣo. Yóò máa rò pé ńṣe ni àwọn ènìyàn ń kùn sínú nígbà tí wọ́n bá ń bá òun sọ̀rọ̀. Nínú kíláàsì, bí olùkọ́ bá ń ṣe àpèkọ, yóò kọ “fọ́” sí ibi tí ó yẹ kí ó kọ “ṣọ́”. Wọn yóò fi yẹ̀ǹkì pupa fa ìlà sí i, wọn yóò sì ní kò kàwé. Bóyá kò kàwé lóòótọ́. Bóyá etí rẹ̀ ni ó ń ṣe é, ta ni ó sì bi í?

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ariwo. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn méjì ń bá ara wọn sọ ní pẹ̀lẹ́ wà ní nǹkan bí 60. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ orin tí ó wà ní 80 fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìséwu. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Èyí lè ya ẹni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìṣirò dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ìṣirò owó: bí a bá fi 3 péré kún un, agbára ariwo náà ti di ìlọ́po méjì. Ti ọmọdé kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ju 75 lọ fún wákàtí 40 náà. Ọ̀pọ̀ fóònù ni ó sì lè gbé orin dé 100 bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òkè pátápátá. Ní ọdún 2015, àjọ yìí kan náà ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó ju bílíọ̀nù kan lọ ní gbogbo ayé ni wọ́n ń fi orin àti ariwo àríyá wu etí wọn léwu.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní kí a gba gbogbo íápíìsì lọ́wọ́ àwọn ọmọ, kí a sì sun wọ́n níná. Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà. Ọmọ tí ó ń fi í gbọ́ ẹ̀kọ́ tàbí orin ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kò ṣe ara rẹ̀ ní ibi kankan. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnu ọ̀pọ̀ àgbà kò gba ẹjọ́ náà. Baba tí ń bá ọmọ wí nítorí íápíìsì, òun náà ni ó ń to ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó ga ju ènìyàn lọ sí ojúde ilé ní ọjọ́ ìsìnkú, tí ìyá ọlọ́mọ yóò sì gbé ọmọ ọwọ́ jókòó sí iwájú rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé ariwo orin ní ibi àríyá kò gbọdọ̀ ju 100 lọ ní ìpíndọ́gba. Ta ni ó ń wọn ti ojúde wa? Ẹ̀rọ amúnáwá ń bú ramúramù ní ẹ̀yìnkùlé, ọkọ̀ ń fọn fèrè ní títì. Ọmọ tí ó wà láàárín gbogbo rẹ̀ yóò gbé orin tirẹ̀ sókè kí ó lè borí wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí àgbà bá fẹ́ kí ọmọ rẹ ohùn sílẹ̀, kí òun náà kọ́kọ́ rẹ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìlànà wà láti ọdún 2013 pé ẹ̀rọ orin tuntun gbọ́dọ̀ dúró ní 85, kí ó sì kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀. Ó yẹ kí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà títí dé orí àtẹ ọjà, níbi tí ọmọ ilé-ìwé ti ń ra tirẹ̀. Kí ìjọba tó ṣe èyí, ọwọ́ ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ ni ó wà. Kí ó má ṣe jẹ́ kí ohùn fóònù ju ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá lọ. Bí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí i bá ń bá a sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, orin náà ti pọ̀ jù. Kí ó máa yọ ọ́ kí etí sinmi, kí ó má sì fi í sùn, nítorí pé ẹni tí ó sùn kò mọ wákàtí. Bí etí bá sì ń hó ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ, kí ó sọ fún òbí rẹ̀ láìfi ìbẹ̀rù ìbáwí pa á mọ́. Kí òbí náà má ṣe ro òróró gbígbóná tàbí omi ewé sí i. Kí ó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn etí ní ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn bí ó ti ń gbọ́ràn tó.