Fóònù lè bá wa kọ ìwé ìhágún, kò lè bá wa jẹ́rìí sí i

Àwa tí a wà ní Ìlúpéjú níbí ń rí ìpolówó kan lórí fóònù: jókòó sílé rẹ, tẹ orúkọ àwọn ọmọ rẹ, sanwó, wíìlì ti délẹ̀. Lójú tiwa, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì tó kù gan-an ni òfin ń wò.

Ohun tí òfin Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ kò le. Kí ẹni tó ń ṣe é ti pé ọdún 18. Kí ó wà ní àkọsílẹ̀. Kí ó fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, tí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i níṣojú rẹ̀. Nígbà kòrónà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ẹlẹ́rìí máa wò ó láti orí fídíò, àyè yẹn sì parí ní oṣù kìíní ọdún 2024. Òfin ti Èkó kò sọ̀rọ̀ fídíò rárá.

Nítorí náà, ẹ fi fóònù kọ ọ́ bó bá wù yín, ó dín ìnáwó kù. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ pe aládùúgbò méjì wá sí pálọ̀. Kì í ṣe ọmọ yín o! Ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, bó bá jẹ́rìí, ìwé náà dúró, àmọ́ ìpín tiẹ̀ ti bọ́. Ìyá tí kò mọ̀wé lè tẹ̀ka. Kí wọ́n kà á sí i létí ní Yorùbá kó tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pé àwọn kà á. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ogún ní kóòtù gíga Ìkẹjà máa ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀.

Àwọn kan ní ẹni tó ṣe wíìlì ń pe ikú. Ṣé ẹni tó ra oògùn adìẹ ń pe àrùn ni?

Ẹ wo Suberu Dawodu, tó kú l'Ékòó ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Ṣé ìdí-igi ni ká fi pín in, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìdá kan nínú mẹ́rin, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀? Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1962 ni wọ́n tó dá a: ìdí-igi ni. Bàbá ìbá ti pín in fúnra rẹ̀.

Ẹ má sì fọkàn tán orúkọ tí ẹ kọ sí báǹkì pé òun ni "next of kin". Ẹni tí wọ́n á pè ni, kì í ṣe ẹni tó jogún.

Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí, ẹ má kọ ilẹ̀ yẹn sínú wíìlì, kì í ṣe tiyín nìkan. Èyí tí ẹ fowó yín rà ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹran ọ̀sìn, àti gbèsè: ẹni tó jẹ yín àti ẹni tí ẹ jẹ. Ẹni tó bá sì lọ ṣègbéyàwó kóòtù lẹ́yìn tó ti ṣe wíìlì, kó ṣe òmíràn. Ìgbéyàwó yẹn ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́; ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni kì í pa á rẹ́.