Òmìnira Yunifásítì Kan Àwa Òṣìṣẹ́



Àwọn kan nínú wa ń wí pé ọ̀rọ̀ yunifásítì kò kan òṣìṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Irọ́ ni.

Ní oṣù kẹrin 1978, ìjọba ológun sọ owó oúnjẹ òòjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ di náírà kan àti kọ́bọ̀ 50, láti orí kọ́bọ̀ 50. Ta ni yóò san án bí kò ṣe awakọ̀, alágbàṣe àti ìyá alátẹ? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn. Ìbọn pa Akíntúndé Òjó ní Yunifásítì Èkó, ó sì pa àwọn mìíràn ní Sáríà. Ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí nípò gíwá ní Èkó. Ẹni tí kò yìnbọn ni wọ́n yọ!

Ní oṣù karùn-ún 1986, ọlọ́pàá tún pa akẹ́kọ̀ọ́ ní Sáríà. NLC pinnu láti wọ́de ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà. Ìjọba kó àwọn olórí wa sí àtìmọ́lé, wọ́n sì já ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, kúrò lára NLC. Wọ́n mọ̀ pé bí akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ bá fi ọwọ́ so ọwọ́, apá kò ní ká wa.

Láti 1975 tí ìjọba àpapọ̀ ti gba gbogbo yunifásítì, ẹni tó fi gíwá jẹ ló ń rọ̀ ọ́ lóyè. Òfin 2003 fún ìgbìmọ̀ yunifásítì ní agbára láti yan gíwá. Ó dára, ṣùgbọ́n ìjọba ló ṣì ń yan alága ìgbìmọ̀ náà, òun ló sì di àpò owó mú.

Awakọ̀ lè bi mí pé: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dí ọ̀nà, tó ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀ wa ńkọ́? Kò dára, ẹ jẹ́ ká bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í ṣe ìbáwí.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó ń sọ pé òmìnira ni kí yunifásítì máa wá owó fúnra rẹ̀. Àpò wa ni yóò ti wá a. Ohun tí ẹ̀ka wa gbọ́dọ̀ béèrè ni pé kí ìjọba san owó, kí ó fi ìṣàkóso sílẹ̀ fún yunifásítì, kí ìbọn má sì wọ ọgbà mọ́. Ọmọ wa ló wà níbẹ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!