Ẹrù Méjì Lórí Akọ̀wé

Bí èèyàn bá gba Ṣàpọ́n kọjá lálẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́, ó máa rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí iná rẹ̀ kì í tètè kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ ni gbogbo ọjà ń pè ní Akọ̀wé, torí òun ló ń bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà tọ́jú ìṣirò owó wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Akọ̀wé rù débi pé àwọn aláṣọ ń bi í bóyá àìsàn ló ń ṣe é. Àìsàn kọ́ o. Ẹrù méjì ló gbé karí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹrù kìíní, ìdánwò. CompTIA ni orúkọ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe é, A+ sì ni orúkọ ìwé ẹ̀rí náà; òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kárí ayé fi ń bẹ̀rẹ̀. Apá méjì ló ní. Akọ̀wé ti yege apá kìíní. Nínú apá kejì, ìbéèrè lè tó 90, ìṣẹ́jú 90 náà ni wọ́n á fi dáhùn, ẹni tí kò bá sì gba 700 nínú 900, ó fìdí rẹmi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n ti kéde pé irú èyí tí Akọ̀wé ń kà máa kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá lórí rẹ̀, ó di kó tún apá kìíní ṣe, kó tún sanwó. Owó ọ̀ún kì í sì í ṣe owó àkàrà.

Ẹrù kejì, kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, Microsoft sì ti ní láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn ò níí fi àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí i mọ́. Ẹ̀rọ náà ti gbó, kò lè gba Windows 11. Ẹgbẹ́ ra òmíràn, ó wá ku kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ lọ síbẹ̀: ta ló dáwó, ta ló yáwó, ta ló kù tí kò tíì san. Owó ilé ìwé ọmọ wà níbẹ̀. Owó ọjà ọdún wà níbẹ̀.

Akọ̀wé gbèrò pé kí òun ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì: Sátidé kó kó o, Sọ́ńdè kó nu ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́ kó tà á, Mọ́ńdè kó padà sídìí ìwé rẹ̀. Ó rò pé ọgbọ́n lòún dá. Ó lọ sọ fún Ìyá Akápò.

"Akọ̀wé, ọjọ́ kẹrìnlá tí ò ń wí yìí, ṣé ẹ̀rọ yẹn máa kú ni?"

"Rárá, Màmá. Ó ṣì máa ṣiṣẹ́. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kàn lè ráyè wọ inú ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ṣó ò lè yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀ún ni?"

"Mo lè yọ ọ́, mà."

"Kí ló wá ń lé ẹ? Bí tuntun bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ibo la máa padà sí, ọmọ mi?"

Akọ̀wé dákẹ́. Ìbéèrè yìí gan-an wà nínú ìwé ìdánwò rẹ̀! Òyìnbó pè é ní rollback, ó ti fa ilà sí i nídìí. Ìwé náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ yí nǹkan padà kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti aago, kó dán an wò níbi tí kò ti lè ba nǹkan jẹ́, kó la ọ̀nà àbọ̀, kí àwọn tó ń lò ó sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níta ilé. Akọ̀wé lè ka gbogbo rẹ̀ lórí. Kò kàn rò ó pé ẹgbẹ́ Ṣàpọ́n ló ń bá wí.

Àwọn tó jù ú lọ fíìfíì ti jìn sí kòtò yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, báńkì TSB nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àkọsílẹ̀ oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún lọ sórí ẹ̀rọ tuntun láàárín òpin ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, àwọn tí kò lè wọ àkáǹtì wọn tó mílíọ̀nù 1.9. Ilé ẹ̀rọ méjì ni báńkì ní, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dán agbára ẹ̀ wò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù £48.65 fún wọn. Nílé níbí ńkọ́? Ta ló gbàgbé oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ọdún 2024, tí Sterling àti GTBank wà lára àwọn báńkì tó pààrọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò, tí àwọn oníbàárà ń pariwo pé owó ò wọlé, owó ò jáde?

Ìyá Akápò ò gbọ́ orúkọ TSB rí. Ohun tóun rántí ni oṣù kìíní ọdún 1973, tí Nàìjíríà kúrò ní pọ́n-ùn bọ́ sí náírà. Ọmọdé ni, ìyá rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ìyá yẹn fa ilà sáàárín ìwé gbèsè rẹ̀, ó kọ ti àtijọ́ sápá kan, ó kọ tuntun sápá kejì, kò sì ya ìwé ọ̀ún títí gbogbo ajigbèsè fi san tán.

Bí wọ́n ṣe yanjú ẹ̀ nìyẹn. Ìdánwò ni kò ṣe é sún, wọ́n jẹ́ kó ṣáájú. Kí ọjọ́ 25 tó pé, Akọ̀wé wọkọ̀ ní Kútọ̀, ó dé Èkó, ó jókòó ṣe é. Èsì yọ lójú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀: 731. Ìyá Akápò ra ẹran ìgbẹ́ fún un.

Ó wá kan ti ẹgbẹ́. Ó yọ ẹ̀rọ àtijọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan lọ sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ nílé Ìyá Akápò. Ẹ̀dà ló kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ tuntun wò. Àpapọ̀ owó pé géérégé, kọ́bọ̀ kan ò dín. Bó bá jẹ́ ti oṣù kẹjọ ni, ibẹ̀ ni ì bá ti nu ti àtijọ́ dànù. Ṣùgbọ́n ó ka orí èèyàn pẹ̀lú, èèyàn dín ẹyọ kan.

Òru ọjọ́ yẹn ni ó rí i. Ìyá Ìbejì méjì ló wà nínú ẹgbẹ́, ọ̀kan ń ta ata, ìkejì ń ta bàtà. Ẹ̀rọ tuntun ti pa wọ́n pọ̀ di ẹnì kan. Ẹ̀yáwó tí alátà gbà ti bọ́ sórí owó tí oníbàtà ń tọ́jú.

Ó ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì, ó fún kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìyá Ìbejì oníbàtà ní kó kọ ti òun sórí bébà lọ́tọ̀, ó ká a, ó so ó mọ́ etí ìró. Wọ́n fi oṣù méjì kọ ìṣirò sórí ẹ̀rọ méjèèjì pa pọ̀. Ti àtijọ́ wà lábẹ́ tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi àdìrẹ bò ó, Ìyá Akápò ò sì gbà kí wọ́n tà á.