Wọ́n ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù, ni ọkọ̀ òkun ńlá bá gun orí àpáta!

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù ṣe rí nìyẹn fáwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú òkun. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ́kọ̀, ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni. Wọ́n á ní ṣebí iṣẹ́ làwọn gbà á sí, kì í ṣe pé káwọn tún máa ra dátà tí yóò fi máa wo Facebook. Àmọ́ ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Mauritius, erékùṣù kan tó wà nínú òkun Íńdíà. Àwọn yẹn á sọ fún un pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì táwọn kan ń wá kiri ló da epo dúdú sínú òkun àwọn.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù keje, ọdún 2020, lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Wakashio lorúkọ ọkọ̀ ọ̀hún. Àwọn ará Japan ló ni ín, àsíá Panama ló ń fẹ́ lórí rẹ̀, gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 300, bíi pé wọ́n to pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tẹ̀ léra wọn. Ogún èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Kò gbé ẹrù kankan, Bràsíìlì ló dorí kọ pé òun fẹ́ẹ́ lọ kó o.

Ilé-iṣẹ́ Mitsui O.S.K. Lines tó háyà ọkọ̀ náà ló tú àṣírí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ là sílẹ̀, máìlì òkun 22 ni ọkọ̀ náà yóò fi jìnnà sí Mauritius, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 41. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, wọ́n yí i padà sí máìlì 5. Nígbà tó di ọjọ́ tí wàhálà ṣẹlẹ̀ gan-an, wọ́n tún ní àwọn fẹ́ẹ́ sún mọ́ etí òkun títí dé máìlì 2 péré. Kí ni wọ́n ń wá lọ? Wọ́n ń wá ibi tí fóònù wọn yóò ti máa mú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni! Máàpù tí wọ́n sì ń wò kì í ṣe èyí tó lè fi bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó hàn wọ́n dáadáa. Ọ̀gá ọkọ̀ náà sọ ní kóòtù pé àríyá ọjọ́ìbí kan wà nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́nà kò ṣọ́ ọ bó ṣe yẹ. Bí ọkọ̀ ṣe sọ ara rẹ̀ mọ́ àpáta iyùn tó wà lábẹ́ omi nìyẹn.

Ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì tí epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,000 ló dà sínú òkun tí àwọn èèyàn ti ń pẹja jẹun, tí àwọn òyìnbó ti ń wá gbafẹ́. Àwọn ará ìlú jáde tọkọ-taya, wọ́n ń fi ewé ìrèké gbígbẹ ṣe ohun tí yóò dí epo náà lọ́nà. Ẹlòmíì tiẹ̀ gé irun orí rẹ̀ pé kí wọ́n fi fa epo. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹjọ, ọkọ̀ náà kán sí méjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, kóòtù ilẹ̀ Mauritius rán ọ̀gá ọkọ̀ náà àti igbákejì rẹ̀ lẹ́wọ̀n oṣù 20.

Wọ́n jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni ò lè gbèjà wọn. Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ sí níkàáwọ́ kò gbọ́dọ̀ torí fóònù gbé e lọ sí orí àpáta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ìbéèrè dúró síbẹ̀ kò ì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Kí ló ń ṣe àgbàlagbà tó kàwé, tó mọ òkun bí ẹní mowó, tó fi ń wá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ́nà tó léwu tó bẹ́ẹ̀? Ebi ilé ni. Ebi ilé ń pani bí ebi oúnjẹ.

Ẹ wo bí ayé wọn ṣe rí. Òfin àgbáyé fàyè gbà á kí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lo oṣù 11 nínú ọkọ̀ kó tó padà sílé. Ní 2020 yẹn, tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ayé pa, àwọn bíi 400,000 ni àsìkò tí wọ́n dá fún wọn ti pé, tí wọn ò sì rí ọ̀nà délé. Ìyá ẹlòmíì kú, kò sí níbẹ̀. Ìyàwó ẹlòmíì bímọ, orí fóònù ló ti kọ́kọ́ rójú ọmọ, ìyẹn bí fóònù bá gbà fún un.

Láyé ìgbà tí ọkọ̀ ìjọba wa, Nigerian National Shipping Line, ṣì ń ná òkun, ìyẹn èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959 tí wọ́n sì pa rẹ́ ní 1995, lẹ́tà làwọn èèyàn fi ń gbúròó ara wọn. Ìyàwó ilé mọ̀ pé ó dìgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ ní Liverpool kí lẹ́tà tó wá, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n látìgbà tí GSM ti dé ní 2001, tí ẹlẹ́pà àti oníṣu ní fóònù lọ́wọ́, ta ló tún fẹ́ẹ́ gbọ́ pé kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì? Bí ọkùnrin bá lo ọjọ́ mẹ́rin láìpe ilé, àwọn ará àdúgbò á ti fún un ní ìyàwó kejì ní Bràsíìlì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà wà láàárín agbami, ó na fóònù sókè, fóònù ò mú nǹkan kan.

Ohun tó fà á ò le. Òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà létí òkun kì í ràn jìnnà. Ti GSM àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ṣe é, kìlómítà 35 ló ń dópin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í débẹ̀ rárá. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá ibẹ̀, sátẹ́láìtì ló kù. Èyí tí àwọn ọkọ̀ ti ń lò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òkè lọ́hùn-ún ló wà, ó fi nǹkan bíi kìlómítà 36,000 jìnnà sí ayé. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ó dìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá lọ tó bọ̀ kí ará ilé tó fèsì. Owó rẹ̀ gun orí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bù ú ṣín-ń-ṣín fáwọn òṣìṣẹ́ bí ẹní ń bu iyọ̀.

Àwọn tuntun ti dé báyìí. Starlink tí ilé-iṣẹ́ Elon Musk ṣe, kìlómítà bíi 550 péré ni sátẹ́láìtì tiwọn fi ga, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ kó tó dé. Ní oṣù keje ọdún 2022 tí wọ́n gbé ti ojú òkun jáde, dọ́là 5,000 ni wọ́n ń gbà lóṣù, wọ́n sì ń ta irinṣẹ́ rẹ̀ ní dọ́là 10,000. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣe àwọn èyí tí owó rẹ̀ kéré sí i gan-an. Nítorí náà, ọlọ́kọ̀ tó ń ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí epo lójoojúmọ́ kò lè sọ mọ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì lohun tó fẹ́ẹ́ sọ òun di onígbèsè.

Àmọ́ bó ṣe dùn tó yìí, kí ẹnikẹ́ni má dá a gbé sórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ o! Ní 2023, nínú ọkọ̀ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ USS Manchester, àwọn ọ̀gá kan dáwó jọ, wọ́n dọ́gbọ́n gbé díìṣì Starlink pamọ́ sórí ọkọ̀, Wi-Fi náà sì ń jẹ́ STINKY, ìyẹn “olóòórùn”. Àwọn ọ̀gá nìkan ló ń gbádùn ẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ò rí i lò. Nígbà tí òórùn ọ̀hún wá délé ọ̀gá àgbà, obìnrin tó jẹ́ olórí wọn sẹ́ kanlẹ̀, ó tiẹ̀ tún yí ìwé tó fi iye dátà tí wọ́n ń lò hàn. Ṣùgbọ́n irọ́ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kóòtù àwọn ológun dá a lẹ́bi ní 2024, wọ́n sì já ipò rẹ̀ wálẹ̀. Ọkọ̀ ogun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà ni wọ́n lọ gbé díìṣì sí!

Ohun tó dáa jù ni kí ọlọ́kọ̀ ṣe é lójú ọ̀nà, òfin sì ti wà fún un. Òfin àgbáyé lórí iṣẹ́ ojú òkun, tí wọ́n ń pè ní MLC 2006, ni Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti 2013. Ní 2022, wọ́n ṣe àtúnṣe sí i, àtúnṣe náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejìlá, ọdún 2024. Ó ka ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ yóò fi máa bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ àwọn ohun ìrọ̀rùn tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀. Ìlànà tó tẹ̀ lé e ní kí ọlọ́kọ̀ pèsè íntánẹ́ẹ̀tì dé ibi tó bá ṣeé ṣe dé, bó bá sì máa gba owó, kó má ṣe jẹ́ iye tó ń dẹ́rù bani. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ìjọba ṣe nínú èbúté wọn. “Dé ibi tó bá ṣeé ṣe dé” yìí gan-an ni ihò tí ọlọ́kọ̀ ahun máa fẹ́ẹ́ gbà sá, ibẹ̀ ni kí àwọn NIMASA là lójú sí. Ohun kan tún kù díẹ̀ káàtó: àwọn ọkọ̀ apẹja kò sí lábẹ́ òfin yìí.

Àwọn ọlọ́kọ̀ ní tiwọn máa ń sọ pé bí íntánẹ́ẹ̀tì bá pọ̀ jù, àwọn ọmọ náà ò ní sùn mọ́, wọ́n á máa tòògbé nídìí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Wákàtí mẹ́wàá ló kéré jù tí òfin ní kí wọ́n fi sinmi nínú wákàtí 24, ẹni tó bá sì fi wo fíìmù tán, oorun yóò gbẹ̀san lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tórí ń fọ́, ṣé orí ni wọ́n ń gé dànù? Wọ́n lè ti i pa fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n sì lè ya tàwọn òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀, kí fáírọ́ọ̀sì má baà wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ wọkọ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì wà fáwọn òṣìṣẹ́, àbí ti ọ̀gá nìkan ni? Gíígì mélòó lóṣù? Ọ̀fẹ́ ni, àbí èló? Ṣé ó ń dé yàrá tí wọ́n ń sùn? Òfin ní kí wọ́n fún yín ní ìwé tó sọ bí ẹ ṣe lè fẹjọ́ sùn nínú ọkọ̀, ẹ gbà á kẹ́ ẹ sì kà á. Nínú agbami, ẹ pa fíìmù tó ń dá wọlé lórí WhatsApp, torí òun ló ń jẹ dátà bí ikán. Bẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ tó ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tirẹ̀, ẹ ti ìlà fóònù yín pa, kẹ́ ẹ lo Wi-Fi nìkan, torí iye tí wọ́n á bù fún yín lè gba owó oṣù tán.

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ fara balẹ̀. Òjò ńlá lè dí sátẹ́láìtì lọ́wọ́, orílẹ̀-èdè míì, bíi Ṣáínà, kò sì fàyè gba Starlink nínú omi wọn. Ẹ dá wákàtí tẹ́ ẹ ó máa sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má sì gbé ìjà owó ilé kò ó lójú nígbà tó bá fẹ́ẹ́ lọ ṣọ́nà. Ẹni tó fẹ́ẹ́ wa ọkọ̀ ńlá lóru nílò ọkàn tó balẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ sì nìyí: owó dátà tẹ́ ẹ ń ṣahun sí, ẹ fi wé owó epo tó dà sínú òkun Mauritius, kẹ́ ẹ sọ èyí tó wọ́n jù.