Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Ọmọ Mi Tí Wọ́n Ní Ó Lu Ọlọ́pàá

Sí Agbẹjọ́rò Àgbà àti Kọmíṣánnà fún Ètò Ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ wa.

Ẹ̀yin ọlọ́lá,

Opó tó ń ta èlùbọ́ ni mí. Àkọ́bí mi, tó jẹ́ télọ̀, ń jẹ́jọ́ ní kóòtù májísíréètì pé ó lu ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́. Abala 356 Òfin Ọ̀daràn ni wọ́n fi kàn án, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló sì lè já sí. Mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà á sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Òru ni, wọ́n ti múná lọ, a ti sùn. A ṣàdédé gbọ́ tí wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn. Ọmọ mi béèrè pé, “Ta nìyẹn?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìdè ilẹ̀kùn já tòun tìṣó, àwọn ọkùnrin tí kò wọ yúnifọ́ọ̀mù sì ya wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Omorogùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọkà lọmọ mi fà yọ, ó fi gbá ẹni tó ṣíwájú léjìká. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ pé ọlọ́pàá làwọn. Ojú ẹsẹ̀ ló ju igi náà sílẹ̀, tó dọ̀bálẹ̀. Wọn kò fi ìwé àṣẹ kankan hàn wá. Ayálégbé kan tó ti kó kúrò ni wọ́n ń wá.

Agbẹjọ́rò wa ṣàlàyé òfin fún mi. Abala 356 kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan ọlọ́pàá ló jẹ̀bi. Ọlọ́pàá náà gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà tó bófin mu. Abala 37 Ìwé Òfin Ilẹ̀ Wa ti 1999 dáàbò bo ilé ẹni. Mo mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí ọlọ́pàá lè wọlé láìmú ìwé àṣẹ dání, pàápàá bí ẹni tí wọ́n ń lépa bá sá wọbẹ̀. Síbẹ̀, abala 12 òfin ìdájọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ àṣẹ tí wọ́n ní àti ohun tó gbé wọn wá, kí wọ́n sì ní ká ṣílẹ̀kùn. Bí ọ̀nà mìíràn ò bá sí ni wọ́n tó lè já a. Wọn kò ṣe ọ̀kankan níbẹ̀. Òfin Ọ̀daràn náà sì gba onílé láyè láti gbèjà ilé rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́wọ́ ẹni tó nídìí láti gbà pé ó ń fọ́lé wá ṣiṣẹ́ ibi.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni máa na ọlọ́pàá. Ó dùn mí pé ẹni náà fara pa. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá nìkan ló wà nínú fáìlì. Wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n já ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

1. Kí ẹ yẹ fáìlì náà wò, kí ẹ gbọ́ tẹnu àwọn aládùúgbò wa.
2. Kí ẹ fi agbára tí abala 211 Ìwé Òfin Ilẹ̀ Wa fún yín dá ẹjọ́ náà dúró kí ìdájọ́ tó wáyé.
3. Kí àwọn ọ̀gá wọn wádìí bí wọ́n ṣe wọlé wa, kí wọ́n sì tún ilẹ̀kùn náà ṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí làwọn àbúrò rẹ̀ fi ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó dúró síwájú ìyá rẹ̀.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀,
Ìyá olùjẹ́jọ́