Bí Ẹ̀rọ Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀ Lójú Òfuurufú

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2000, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan já lulẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà. Mel Carnahan, gómìnà ìpínlẹ̀ náà, ń lọ polongo ìbò. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń wa ọkọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú.

Àbọ̀ ìwádìí ìjọba sọ pé aago tí í fi bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ sí han awakọ̀ ni ó bàjẹ́, nínú òkùnkùn àti ìkùukùu, tí awakọ̀ kò fi mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ mọ́. Irú aago bẹ́ẹ̀ mìíràn wà ní apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń yí orí wò ó léraléra, òyì a máa kọ́ ọ. Nínú ìkùukùu, ara ẹni a máa purọ́ fún ẹni.

Òfin awakọ̀ kò fara sin: kọ́kọ́ di ọkọ̀ mú ṣinṣin, mọ ibi tí o dorí kọ, lẹ́yìn náà ni kí o bá àwọn ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Kíka òfin sórí kò ṣòro. Ọwọ́ tí kò fi í dánra wò rí ni í gbọ̀n lọ́jọ́ ewu.

Ní èrò tiwa, kí àwọn olùkọ́ máa bo aago mọ́ awakọ̀ lójú nígbà ìdánrawò, kì í ṣe lọ́jọ́ ìdánwò nìkan. Kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ pẹ̀lú má ṣe kán awakọ̀ lójú. Ìpàdé lè dúró di ọ̀la. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.